Ṣé Ó Dákẹ́ Ni, àbí Ó Kọ̀?

Ọjọ́rú tó ṣáájú Iléyá ọdún 2025 ni màmá mi tẹ rìmóòtù títí tó fi sú wọn, ni wọ́n bá ké sí mi láti pálọ̀: "Àkànní, wá wò ó o. Ojúde Ọba mi ò jáde mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti 2023 ni orúnkún ò ti jẹ́ kí wọ́n lè lọ jókòó sójú agbo mọ́. Èmi ni mò ń lọ bá wọn wò ó. Iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ṣọ́ọ̀bù mi ò sì jìnnà sí Òkè-Ajé. Lọ́dọọdún, tó bá ti di ọjọ́ kẹta Iléyá, mo ti máa ń gbé kámẹ́rà jáde kí oòrùn tó mú. Ti 2018 wà lọ́wọ́ mi, ti 2019, ti 2022, ti 2023, ti 2024. Ti 2020 àti 2021 kò sí, nítorí Kòrónà ò jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Gbogbo rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà ńlá tí mo fi ń tún fídíò ṣe nínú yàrá mi nílé. Àpótí dúdú kékeré kan, TV box tí wọ́n ń tà káàkiri, ló wà lábẹ́ tẹlifíṣàn màmá mi ní pálọ̀. Mo fi Kodi, áàpù tó ń gbé fídíò jáde, sí i, mo pín fódà fídíò lórí kọ̀ǹpútà, àpótí náà a gba orí Wi-Fi ilé wá a, a sì gbé e sójú tẹlifíṣàn. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń ṣiṣẹ́ láìyọ mí lẹ́nu.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé lọ́jọ́ Iléyá gan-an, tó bọ́ sí Jímọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ màmá mi nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn ń bọ̀ wá jẹ ẹran. Màmá mi sì ti ṣèlérí fún wọn pé àwọn jọ máa wo ìjáde ẹgbẹ́ wọn, láti orí ti 2018 títí dé orí ti èṣín. Ọjọ́ méjì péré ló kù.

"Connection timed out" ni ohun tó wà lójú tẹlifíṣàn. Mo kà á, mi ò rò ó. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ máa ń sọ nígbà tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ náà ni. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan gbogbo nǹkan. Mo pa ráútà, mo tàn án. Mo yọ Kodi kúrò, mo tún un fi sí i, gbogbo ohun tí mo ti tò sínú rẹ̀ látọdún yìí wá sì bá a lọ. Mo pa firewall kọ̀ǹpútà, ìyẹn ohun tó ń ṣọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba orí nẹ́tíwọ̀kì wọlé. Mo pa ohun tó ń ṣọ́ kòkòrò àìlera nínú rẹ̀. Mo yí orúkọ fódà padà, nítorí mo ronú pé bóyá àlàfo tó wà láàárín "Ojude" àti "Oba" ló ń dí i lọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, mo ti yí nǹkan bíi mẹ́fà padà, mi ò sì lè sọ èyí tí mo kọ́kọ́ yí. Kódà ká ní ọ̀kan nínú wọn ti tún nǹkan ṣe, òmíràn lè ti bà á jẹ́ padà, mi ò sì ní mọ̀. Èyí dùn mí ju àìṣiṣẹ́ ẹ̀rọ náà lọ, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi ń jẹun, n kì í ṣe báyìí sí iṣẹ́ oníbàárà.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo mú káàdì ìpè ìnáwó kan tó ti kọjá, mo yí i sẹ́yìn, mo ní ohunkóhun tí mo bá yí lónìí, inú èyí ni mo máa kọ ọ́ sí, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Mo dá gbogbo nǹkan tí mo ṣe lánàá padà síbi tó wà, firewall ni mo sì kọ́kọ́ tàn.

Lẹ́yìn náà ni mo tún gbólóhùn yẹn kà. "Timed out." Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àpótí náà kan ilẹ̀kùn, ó dúró, kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, ó sì padà. Kò sọ pé wọ́n lé òun. Kò sọ pé pásíwọ́ọ̀dù òun ò dára. Kò rẹ́ni dá a lóhùn ni. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni mo ń yí orúkọ fódà sí? Ẹni tí kò tíì rẹ́ni ṣílẹ̀kùn fún un, kí ló kàn án nínú orúkọ tí wọ́n kọ sára yàrá?

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé ilé tó yẹ ló ń kàn. Mo ṣí ojú dúdú Command Prompt lórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ "ipconfig". Àdírẹ́sì tó jáde ni 192.168.8.104. Mo lọ wo èyí tó wà nínú Kodi nínú fọ́tò tí mo ti yà sórí fóònù mi nígbà tí mo kọ́kọ́ tò ó: 192.168.0.12. Orí mi wú. Oṣù tó kọjá ni mo pààrọ̀ ráútà, nítorí ti tẹ́lẹ̀ kì í gbé nẹ́tíwọ̀kì dáadáa tí òjò bá ń rọ̀. Ráútà ló ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo ohun tó bá wà nínú ilé, kálukú wọn ló sì ní bó ṣe ń ka tirẹ̀. Èyí tí mo gbé lọ ń fi 0 ka agbo ilé, èyí tí mo gbé dé ń fi 8 kà á. Àpótí màmá mi wá ń lọ kanlẹ̀kùn ní àdúgbò tí a ti kó kúrò. Láàárín oṣù yẹn màmá mi ò tíì béèrè Ojúde Ọba, ìdí nìyẹn tí kò fi hàn.

Mo kọ àdírẹ́sì tuntun sínú Kodi. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó yí, ó yí, ó tún ní "timed out".

Ká ní Ọjọ́rú ni, ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo nǹkan. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì: àdírẹ́sì ti bọ́ sípò, ohùn ò tíì jáde. Láti orí kọ̀ǹpútà, mo fi "ping", àṣẹ tó ń béèrè bóyá ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀, pe àpótí náà. Ó dáhùn kíákíá. Ọ̀nà wà láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn. Mo wá ti orí fóònù pe kọ̀ǹpútà, kò dáhùn. Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan níbí fún ẹni tó bá máa tẹ̀lé ipasẹ̀ mi: kí kọ̀ǹpútà Windows má dáhùn ping kò fi hàn pé ọ̀nà ti dí. Firewall rẹ̀ lè máa gbọ́ kó sì dákẹ́. Kí ẹ má sì torí bẹ́ẹ̀ pa firewall. Ẹ wádìí ìdí tó fi dákẹ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá kọ́kọ́ bọ́ sórí Wi-Fi tí kò mọ̀ rí, Windows máa ń gbà pé ìta gbangba ló wà, bíi pápákọ̀ òfurufú tàbí hòtẹ́ẹ̀lì, a sì tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹni tó bá wà lórí nẹ́tíwọ̀kì yẹn. "Public network" ni wọ́n ń pè é. Ráútà tuntun ni mo gbé wálé, orúkọ Wi-Fi rẹ̀ sì yàtọ̀, kọ̀ǹpútà mi kò mọ̀ pé inú ilé màmá mi náà ni òun ṣì wà. Mo lọ sí Settings, mo ṣí Network & internet, mo tẹ orúkọ Wi-Fi wa, mo sì yí i sí "Private network". Mo wo abẹ́ rẹ̀ bóyá Network discovery àti File and printer sharing wà ní títàn fún Private. Wọ́n wà.

Mo padà sí pálọ̀, mo tẹ fódà náà. Kíá, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, ọ̀rọ̀ mìíràn jáde: "Operation not permitted."

Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Màmá mi wo ojú tẹlifíṣàn, wọ́n wò mí. "Ó ti jáde?"

"Rárá, màmá. Ṣùgbọ́n ó ti dáhùn."

Ibi tí mo ti rí ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn, kí fídíò kankan tó ṣí. Lánàá, ó dákẹ́ ni. Lónìí, ó kọ̀. Ẹni tó kọ̀ ti gbọ́ ohùn rẹ, ó ti mọ̀ pé o wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní o ò lè wọlé ni. Kò yẹ kí n tún yẹ ráútà wò mọ́, tàbí Wi-Fi, tàbí àdírẹ́sì, tàbí firewall. Gbogbo ìyẹn ti kọjá. Ọ̀rọ̀ tó kù ò ju ọ̀rọ̀ ta ni ọ́ lọ: orúkọ, pásíwọ́ọ̀dù, àti ohun tí wọ́n yọ̀ǹda fún ẹ. Nínú ìdajì wákàtí, mo ti gé iṣẹ́ náà sí méjì, mo sì ti gbé ìdajì rẹ̀ tì.

Níbi tí mo ti wá ṣe àṣìṣe kejì nìyí. Mo pe ọmọkùnrin kan tó máa ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní kí n lọ tan SMB1, pé òun ló ń dá a dúró. SMB ni èdè tí kọ̀ǹpútà àti àpótí náà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ fáìlì. IBM ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1985, ẹ̀yà àkọ́kọ́ ló ń jẹ́ SMB1, a sì ti wà lórí ẹ̀kẹta báyìí. Mo tan SMB1, mo tún kọ̀ǹpútà tàn. "Operation not permitted." Kò yí nǹkan kan padà.

Ká ní mi ò ní káàdì lẹ́yìn, bóyá ǹ bá ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò, bí mo sì ṣe rí i ni mo rántí oṣù Karùn-ún 2017. WannaCry ni orúkọ kòkòrò tó jáde nígbà yẹn. Ihò inú SMB1 ló gbà wọlé, ó ń fò láti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí èkejì láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan, ó ń ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè owó. Ilé ìwòsàn tó pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ nínú wọn. Oṣù Kẹta ọdún yẹn ni Microsoft ti gbé ohun tó dí ihò náà jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ò tíì fi sí i. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, Windows 10 tuntun kì í gbé SMB1 dání mọ́ àyàfi tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ tàn án. Èmi ni mo wá fọwọ́ ara mi tàn án yìí, lórí kọ̀ǹpútà tí fídíò ọdún márùn-ún wà, ti ìgbéyàwó àwọn oníbàárà mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo pa á lójú ẹsẹ̀. Nínú Kodi pẹ̀lú, mo lọ sí Settings, Services, SMB client, mo ní kó má sọ èdè tó kéré sí SMBv2. Ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn ò ní ibi lọ́kàn. Ó ti rí i níbi tó ti ṣiṣẹ́ rí ni. Àmọ́ ó yẹ kí n bi í pé irú ẹ̀sùn wo ni ó ń fi SMB1 wò.

Mo wá jókòó, mo ronú sí ohun tó ti yí padà láti èṣín. Èṣín, mi ò fún àpótí náà ní orúkọ tàbí pásíwọ́ọ̀dù kankan. Mo ti pa "Password protected sharing", mo ní kí gbogbo ayé wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ó rọrùn, ó sì ṣiṣẹ́. Ní ìparí oṣù Karùn-ún, kọ̀ǹpútà mi gba update ńlá, Windows 11 24H2. Lórí Windows 11 Pro bíi tèmi, láti orí 24H2 lọ, kọ̀ǹpútà ń béèrè pé kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń wọlé tó sì ń jáde nípasẹ̀ SMB ní òǹtẹ̀ lára, kí ẹnikẹ́ni má baà dúró sáàárín ọ̀nà kó yí i padà. Ara ẹ̀rí ìwọlé ẹni tó wọlé ni wọ́n ti ń rí òǹtẹ̀ yẹn. Àlejò tí kò lórúkọ, tí kò ní pásíwọ́ọ̀dù, kò ní ohun tó fẹ́ fi tẹ òǹtẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣe tì mọ́ ọn.

Àwọn kan a ní kí ẹ lọ pa òǹtẹ̀ náà. Ó ṣeé pa. Èmi ò pa á. Mo rí i pé ohun tí Windows ń béèrè lọ́wọ́ mi kò ju pé kí n sọ ẹni tó ń bọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ màmá mi ló ń bọ̀, wọ́n sì lórúkọ.

Mo kọ́kọ́ fi ímeèlì tèmi tí mo fi ń wọ kọ̀ǹpútà sí i, mo wá fi nọ́ńbà mẹ́rin tí mo máa ń tẹ̀ láràárọ̀ ṣe pásíwọ́ọ̀dù. Ó kọ̀. Ó yẹ kó kọ̀: nọ́ńbà mẹ́rin yẹn, PIN, iwájú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló mọ, kì í gba orí nẹ́tíwọ̀kì kọjá. Pásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì gan-an ló ń fẹ́. Mi ò sì fẹ́ kó pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì mi sínú àpótí tí ẹnikẹ́ni lè gbé nílẹ̀ lọ. Mo dá àkáǹtì tuntun sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ti orí rẹ̀ nìkan, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú Microsoft. Mo sọ ọ́ ní "pálọ̀" láìfi àmì sí i, mo fún un ní pásíwọ́ọ̀dù gígùn. Mo lọ sí Advanced Sharing lórí fódà náà, mo yọ "Everyone" kúrò, mo fi pálọ̀ sí i, mo ní kó lè kà nìkan. Ìdí tí mo fi ní kó lè kà nìkan ni pé àwọn ọmọ àbúrò mi máa ń fi rìmóòtù ṣeré, mi ò fẹ́ kí ìka ọmọdé kan pa Ojúde Ọba 2018 rẹ́.

Ó tún kọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n fi í sílẹ̀. Fódà tí a bá pín ní ẹ̀nu ọ̀nà méjì lórí Windows. Ọ̀kan ni Sharing, tó ń sọ ẹni tó lè gba orí nẹ́tíwọ̀kì wọlé. Èkejì ni Security, tó ń sọ ẹni tó lè fọwọ́ kan fáìlì náà rárá, ìbáà jẹ́ iwájú kọ̀ǹpútà ló jókòó sí. Èyí tó bá le jù nínú àwọn méjèèjì ló máa borí. Fódà mi wà nínú Videos tèmi, abẹ́ orúkọ èmi nìkan, Security ibẹ̀ ò sì mọ ẹnì kan tó ń jẹ́ pálọ̀. Mo ti ṣí géètì fún un, yàrá ṣì tì. Mo lọ sí Security, mo fi orúkọ náà kún un, mo sàmì sí Read. Mo padà sí pálọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

2018. 2019. 2022. 2023. 2024. Wọ́n tò sílẹ̀ lójú tẹlifíṣàn bí ẹni tí kò lọ síbì kankan rí.

Màmá mi ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n máa sọ ọ́, ohun tí wọ́n bi mí ni pé ṣé kò ní jẹ dátà tán. Mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu àwọn tó ju màmá mi lọ, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ síbí. Kò jẹ dátà. Inú ilé ni fáìlì náà ti gbéra, inú ilé ló sì dé sí, ráútà kàn ń gbé e láti yàrá dé pálọ̀ ni. Kódà tí dátà ti tán pátápátá lórí ráútà, tí kò lè ṣí nǹkan kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Ojúde Ọba á máa jáde lọ. Iná nìkan ló ń jẹ.

Ti 2018 dé 2023 ń lọ geerege. Ti 2024 ń dúró, ń lọ, ń dúró, bí ọkọ̀ tí epo ń tán lọ. Èyí ò kan orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù mọ́, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. Kámẹ́rà tuntun ni mo fi ya ti 2024, 4K ni, àwòrán tó mọ́ kedere gan-an, mégábíìtì 100 ló ń lò níṣẹ̀ẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá pín in sí mẹ́jọ, nítorí bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan, mégábáìtì 12.5 nìyẹn, wákàtí kan fídíò sì ń lọ sí gígábáìtì 45. Mo da fáìlì kan kọ láti kọ̀ǹpútà sórí fóònù mi nínú pálọ̀ láti wo bí Wi-Fi ṣe yá tó, kò ju mégábáìtì mẹ́ta lọ níṣẹ̀ẹ́jú àáyá kan. Ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ló wà láàárín. Wáyà ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ojú wáyà ara àpótí náà kò lè gbé ju mégábíìtì 100 lọ, kì í sì í gbé e tó bẹ́ẹ̀ tán. Wáyà náà ì bá já mi kulẹ̀. Mo fi HandBrake, áàpù tó ń sọ fídíò di kékeré tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tún un ṣe sí 1080p, tó kéré sí 4K, ní nǹkan bíi mégábíìtì 12. Wákàtí kan wá di gígábáìtì márùn-ún àti díẹ̀. Mo fi ojúlówó pa mọ́ síbòmíràn, nítorí iṣẹ́ ló wà fún. Kọ̀ǹpútà fi gbogbo òru ọjọ́ náà ṣe é. NEPA mú iná lọ ní nǹkan bí aago kan òru, mo dìde lọ tan jẹnẹrétọ̀, mo jókòó tì í títí ó fi parí.

Ẹni tó bá bi mí pé kí ló dé tí mi ò da gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì, mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́rú. FAT32, ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń to fáìlì, ni fláàṣì ọwọ́ mi ń lò, kì í gba fáìlì ẹyọ kan tó bá ju gígábáìtì mẹ́rin lọ.

Lọ́jọ́ Iléyá, àwọn màmá mẹ́fà ló wá. Wọ́n jẹ ìkọ́kọrẹ́, wọ́n jẹ ẹran, wọ́n wá jókòó. Nígbà tí ti 2018 dé ibi tí ẹgbẹ́ wọn ti ń yí lọ síwájú Kábíyèsí, ọ̀kan nínú wọn dìde lójijì, ó lọ síwájú tẹlifíṣàn, ó fi ìka kan gèlè obìnrin kan tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fídíò náà. "Ẹ wò ó. Ẹ wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín." Obìnrin náà ti kú láti 2021. Wọ́n ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Wọ́n ní kí n tún dá a padà. Ìka màmá náà kò kúrò lójú tẹlifíṣàn, àmì ìka rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, màmá mi ò jẹ́ kí wọ́n nù ún.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, NEPA mú iná, ráútà kú, a tan jẹnẹrétọ̀, "timed out" sì tún yọjú. Lọ́tẹ̀ yìí, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo lò. Ó dákẹ́ ni, kò kọ̀, nítorí náà mi ò wo pásíwọ́ọ̀dù lójú. Mo tẹ "ipconfig": 104 ti di 101. Ráútà náà ti gbàgbé ẹni tó fún ní nọ́ńbà wo, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé lẹ́yìn tí iná dé ló ń fún ní èyí tó bá wà lọ́wọ́. Mo wọnú ráútà, mo so àdírẹ́sì kan mọ́ kọ̀ǹpútà náà láéláé pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n kọ mọ́ ọn, tí wọ́n ń pè ní MAC. Mo tún lọ sọ fún Windows pé kó má sùn mọ́ tó bá ti wà lórí iná, nítorí kọ̀ǹpútà tó sùn náà kì í dáhùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣágámù pè mí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà lẹ́yìn náà. Ó ti wo gbogbo nǹkan. Mo ní kó ka ohun tó wà lójú tẹlifíṣàn fún mi lẹ́yọ-lẹ́yọ ọ̀rọ̀. "Timed out" ni. Mo ní orúkọ Wi-Fi wo ni àpótí wà lórí ẹ̀, ó ní èyí tí wọ́n fi "guest" sí lẹ́yìn, pé òun ni pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ rọrùn láti tẹ̀. Ráútà kì í jẹ́ kí ẹni tó wà lórí ti àlejò rí àwọn ará ilé. Ó gbé e sórí ti ilé, ó bá jáde.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún náà ni Kábíyèsí Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ tó ti wà lórí ìtẹ́ láti 1960, wàjà. Màmá mi ti wà láyé kí wọ́n tó gorí ìtẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, NEPA mú iná, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo dúró lẹ́yìnkùlé kí n rí i pé ó gbé ilé dáadáa. Nígbà tí mo máa wọlé padà, ìlù ni mo gbọ́ láti pálọ̀. Màmá mi ti fi ọwọ́ ara wọn ṣí ti 2019, Kábíyèsí sì jókòó sójú tẹlifíṣàn, wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí àwọn ẹlẹ́ṣin. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Màmá mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti wọlé.